Báráìtì ni àbí quartz lásán? Bí a ṣe ń yẹ òkúta funfun tó wúwo wò

Olóko-Òkúta:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkúta méjì ló délẹ̀ láti apá Azara ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa, ẹni tó gbé wọn wá ní báráìtì ni méjèèjì. Ìkíní funfun, ojú rẹ̀ ń dán. Ìkejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí irin tó ti dógùn-ún. Oníbàárà tó fẹ́ rà á ń bèèrè SG 4.20, ìyẹn ni pé kí òkúta náà wúwo tó ìlọ́po 4.20 omi tó gba àyè kan náà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni síkéèlì tó ń ka 0.1 g, ọ̀bẹ, ìgò ásíìdì HCl kékeré kan, àti máíkírósíkóòpù ilé-ìwé. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ló sì lè tàn wá jẹ?

Baba Kùsà:
Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́. Báráìtì ni súlífétì báríọ́mù, BaSO4, báríọ́mù inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di òkúta tó wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ. Èyí tó mọ́ gaara, SG rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 4.48 sí 4.5. Lára àwọn òkúta tó wọ́pọ̀ tó lè jọ ọ́, quartz kò ju 2.65 lọ, calcite (kábọ́nétì kálísíọ́mù) 2.71, feldspar bíi 2.6. Tí ẹ bá gbé quartz tó tó o ní títóbi sí ọwọ́ kejì, kò sí ẹni tí kò ní mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ ọwọ́ kò lè ya 4.0 sọ́tọ̀ kúrò lára 4.2, ibẹ̀ gan-an sì ni owó wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, líle rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, 3 sí 3.5 ni báráìtì. Èékánná kò lè ha á, ọ̀bẹ á ha á wẹ́rẹ́. Quartz tó jẹ́ 7 kò ní gbà fún ọ̀bẹ rárá, yóò tún ha gíláàsì. Tí ọ̀bẹ bá fi ìlà dúdú sílẹ̀ lára òkúta, irin ọ̀bẹ ló fara hàn yẹn, kì í ṣe pé òkúta náà ti ha. Ẹ fi ìka nù ún, ẹ wò ó bóyá kòtò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi òkúta náà fa ẹ̀yìn táìlì tí kò dán, funfun ni àmì rẹ̀ máa ń jẹ́, àní bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ pọ́n lókè.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ni ojú tó ti ń là. Ẹ fi òòlù kékeré lu etí rẹ̀, kí ẹ wá wo èkúfọ́ tó jáde lábẹ́ oòrùn. Báráìtì máa ń là ní ojú pẹrẹsẹ kan tó ń dán bí inú ìkarahun, á tún là ní ojú méjì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ẹ̀gbẹ́ méjì yẹn máa ń pàdé ara wọn ní nǹkan bí 78°, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n pè é ní calcite, nítorí igun ti calcite náà jẹ́ 75°. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ nìyí: lára báráìtì, ojú pẹrẹsẹ náà máa ń pàdé ojú ẹ̀gbẹ́ ní 90° géérégé. Lára calcite, kò sí igun 90° kankan láàárín ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ mú igun ìwé A4 kan sún mọ́ èkúfọ́ náà, ẹ ó rí i bóyá ó bá a mu.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ásíìdì kò yára ju gbogbo ìyẹn lọ?

Baba Kùsà:
Ó yára, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló ń sọ fún wa. Tí ẹ bá kán HCl tó ti dín lágbára sórí calcite, á hó lójú ẹsẹ̀. Báráìtì kò ní ṣe nǹkan kan. Quartz náà kò ní ṣe nǹkan kan, feldspar náà bẹ́ẹ̀, nítorí náà àìhó kò fi hàn pé báráìtì ni. Tó bá sì hó, ẹ fi awò ńlá wo ibi tí ìhó náà ti ń jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí calcite gbà wọ inú báráìtì ló ti ń wá, ara báráìtì fúnra rẹ̀ kò hó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mú ní pàtàkì. Tí òkúta tí SG rẹ̀ tó 4.3 bá ń hó ní gbogbo ara, ẹ ṣọ́ra fún witherite, ìyẹn kábọ́nétì báríọ́mù, BaCO3. Líle rẹ̀ bá ti báráìtì mu, àmọ́ májèlé ni, nítorí ásíìdì inú ikùn lè yọ báríọ́mù inú rẹ̀ jáde. Báráìtì kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Lítà omi kan kò lè yọ́ ju nǹkan bí 2.5 mg rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn mu ún ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ya X-ray ìfun.

Atẹ̀wọ̀n:
Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí SG yẹn, nítorí òun ni oníbàárà máa bi yín. Ẹ má fi òkúta sínú jọ́ọ̀gì kí ẹ máa wo ibi tí omi ga dé. Ìlà ara ike kì í péye tó ohun tí ẹ ń wá. Síkéèlì 0.1 g tí ẹ ní yẹn ti tó.

Ẹ mú èkúfọ́ tó wà láàárín 200 g sí 500 g. Tó bá kéré ju ìyẹn lọ, àṣìṣe síkéèlì á hàn nínú èsì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ erùpẹ̀ inú ihò ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sá a títí á fi gbẹ dénú. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: A nìyẹn. Ẹ wá gbé abọ́ omi sórí síkéèlì, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo. Ẹ so òkúta náà mọ́ okùn ìwọ̀ ẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé e kọ́ láti ara igi tó dá dúró, tí kò kan síkéèlì, kí gbogbo òkúta náà rì sínú omi, kó má sì fara kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Nọ́mbà tó bá yọ ni B. Ẹ fi B pín A, SG yín nìyẹn.

Àpẹẹrẹ: A = 412.6 g, B = 95.3 g. 412.6 ÷ 95.3 = 4.33.

Afẹ́fẹ́ ló máa ń ba èyí jẹ́ jù. Báráìtì tó ní ihò máa ń mú afẹ́fẹ́ wọ inú omi, afẹ́fẹ́ náà á sì máa gba àyè bí òkúta. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, tí afẹ́fẹ́ tó fara pamọ́ bá jẹ́ 2 cm³ péré, B á di 97.3, SG á sì já sí 4.24. Ọjà tó dára á wá dà bí èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo sínú omi, ẹ mi òkúta náà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró títí kò fi ní yọ ìfófòó mọ́ kí ẹ tó ka nọ́mbà. Tí B bá ṣàdédé fò sókè, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, òkúta ti jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́ nìyẹn.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Ṣé omi gbígbóná tàbí tútù ṣe nǹkan kan?

Atẹ̀wọ̀n:
Ó ṣe nǹkan, àbúrò, pàápàá tí nọ́mbà bá sún mọ́ etí. Omi tó wà ní 30°C, bó ṣe máa ń wà lọ́dọ̀ wa, 0.9957 g ló wà nínú cm³ rẹ̀ kan, kì í ṣe 1 g. Ẹ fi 0.9957 sọ èsì yín di púpọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí g/cm³. Ẹni tó rí 4.21 tí kò ṣe èyí, 4.19 ló ní lọ́wọ́ gan-an.

Ìyá Làábù:
Ẹ ṣeun, Atẹ̀wọ̀n. Mo fẹ́ fi kún un pé òkúta kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún tírélà kan. Ẹni tó ń tajà máa ń gbé èyí tó dán jù sókè. Ẹ mú láti orí òkìtì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó tóbi àti èyí tó kéré. Ẹ fọ́ gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, ẹ kó o jọ ní òkìtì ṣóńṣó, ẹ tẹ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ da ìdá méjì tó kọjú síra wọn nù. Ẹ tún èyí tó kù ṣe bákan náà títí yóò fi ku nǹkan bí kílò kan. Òun ni kí ẹ lọ̀.

Fún lẹ́búlẹ́bú, ìlànà API 13A (API ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà) tí àwọn agbẹ́kànga epo ń lò kì í lo òkúta tí wọ́n so rọ̀. Wọ́n máa ń gbẹ lẹ́bú náà ní 105°C, wọ́n á wọ̀n 80 g rẹ̀ sínú ìgò Le Chatelier, ìgò ọlọ́rùn gígùn tó ní ìlà ìwọ̀n lára, tí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀, ìgò náà á sì wà nínú omi tí wọ́n mú dúró sí 32°C nígbà tí wọ́n bá ń ka ìlà ìṣáájú àti nígbà tí wọ́n bá ń ka ìlà ìkẹyìn. Kẹrosíìnì ni wọ́n yàn nítorí ó máa ń wọ àárín lẹ́bú ju omi lọ, kì í sì í jẹ́ kó dì pọ̀. Fún 4.20, kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ ga sí i ní 19.05 mL. Fún 4.10, tí ìlànà náà gbà gẹ́gẹ́ bí ìpele kejì, 19.51 mL ni. Ẹ wò ó, kò tó ààbọ̀ mL tó wà láàárín wọn! Tí lẹ́bú bá lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, tàbí tí ẹ kò bá yí ìgò náà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ti sọ ìpele nù nìyẹn. Ìlànà kan náà ń wo bí lẹ́bú ṣe kúnná tó: èyí tó ju 75 µm lọ kò gbọ́dọ̀ ju 3% lọ, èyí tó kéré sí 6 µm kò sì gbọ́dọ̀ ju 30% lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí SG nìkan pa yín lójú dé. Báráìtì tí quartz 10% wà nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n kílò, ṣì máa jẹ́ 4.20 gééré. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni kí nǹkan mìíràn tó wúwo máa gbé nọ́mbà sókè. Hematite, 5.26 ni. Galena, òkúta òjé tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò, 7.5 ni, inú àwọn ìṣàn òkúta kan náà ló sì máa ń wà pẹ̀lú báráìtì ní àfonífojì Benue. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: báráìtì 80%, quartz 15%, galena 5%, SG rẹ̀ á jẹ́ 4.14. Ẹ yọ galena yẹn kúrò, 4.04 ló kù. Òjé ló jẹ́ kó kọjá 4.10, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni da òjé sínú ilẹ̀ tàbí omi. Bí ẹ bá rí hóró dúdú tó ń dán bí irin, tó ń là sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ẹ ṣà á kúrò kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Awòkúta:
Ó dára tí wọ́n ní máíkírósíkóòpù. Ibi tí ọ̀bẹ àti ásíìdì bá fi wá sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á mú wa lọ.

Gbogbo hóró tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá ló ní agbára títẹ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, tí à ń kọ ní RI. Ti báráìtì, ní apá mẹ́ta ara rẹ̀, jẹ́ 1.636, 1.637 àti 1.648. Quartz jẹ́ 1.544 sí 1.553. Jípsọ́ọ̀mù jẹ́ nǹkan bí 1.52 sí 1.53. Fluorite jẹ́ 1.434. Kò sí ìdí láti lọ ra òróró làábù olówó gọbọi láti rí ìyàtọ̀ yẹn, òróró kànáfùrù tó mọ́, RI rẹ̀ wà ní nǹkan bí 1.53.

Ẹ lọ òkúta náà títí hóró rẹ̀ á fi tó 0.1 mm, ẹ fi ìwọ̀nba kékeré sórí gíláàsì, ẹ kán òróró kànáfùrù kan sí i, ẹ fi gíláàsì tín-ín-rín bò ó. Ẹ pa ihò ìmọ́lẹ̀ tó wà lábẹ́ ibi tí à ń gbé gíláàsì lé dé díẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń pa etí hóró rẹ́. Báráìtì á yọ síta gbangba, etí rẹ̀ á dúdú kirikiri. Quartz á fẹ́ẹ̀ẹ́ pòórá, jípsọ́ọ̀mù á sì pòórá jù ú lọ. Ẹ wá gbé lẹ́ńsì sókè díẹ̀ kúrò lára gíláàsì, kí ẹ máa wo ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí hóró ká. Apá tí RI rẹ̀ ga jù ni ìlà yẹn máa ń sún sí. Lára báráìtì, á sún wọ inú hóró. Fluorite náà máa ń yọ síta nínú òróró yìí, àmọ́ ìta ni ìlà tirẹ̀ máa ń sá lọ. Calcite á máa yí padà bí ẹ ṣe ń yí i, nítorí RI rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra, 1.486 àti 1.658. Tí ẹ bá fi polarizer kan (fíìmù tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí apá kan ṣoṣo kọjá) sábẹ́, á hàn ní apá kan, á fẹ́ẹ̀ẹ́ pamọ́ ní apá kejì.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Máíkírósíkóòpù ilé-ìwé kì í ní polarizer o.

Awòkúta:
Ẹ yọ fíìmù tó wà lójú kakulétọ̀ tó ti bàjẹ́, polarizer ni. Ẹ gé e sí méjì, ẹ fi ọ̀kan sábẹ́ gíláàsì, ẹ fi èkejì sórí lẹ́ńsì ojú, ẹ yí tòkè títí ibi gbogbo á fi ṣókùnkùn. Tí ẹ bá wá ń yí hóró báráìtì, á tàn, á ṣókùnkùn, ìgbà mẹ́rin ni yóò ṣókùnkùn nínú ìyípo kan. Fluorite, iyọ̀ ìsebẹ̀ àti èkúfọ́ gíláàsì kò ní tàn rárá.

Ẹ má fi àwọ̀ tó yọ lára hóró lẹ́bú dájọ́, nítorí nínípọn wọn kò dọ́gba. Àwọ̀ kò ní ìtumọ̀ àyàfi lára òkúta tí a ti fá dé 0.03 mm. Níbẹ̀, ìyàtọ̀ RI báráìtì tó jẹ́ 0.012 máa ń mú àwọ̀ òféèfèé wá, ti quartz tó jẹ́ 0.009 máa ń jẹ́ eérú tó fẹ́ funfun. Anhydrite, súlífétì kálísíọ́mù tí kò ní omi nínú, ìyàtọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 0.044, àwọ̀ rẹ̀ máa ń tàn yòò, kò sì ṣeé ṣì mú. Ẹni tó bá ń fá a, kó kọ́kọ́ fi gúlúù epoxy rẹ òkúta náà, nítorí báráìtì máa ń là, á sì máa bọ́ kúrò lábẹ́ ìyẹ̀pẹ̀ ìfá. Ó tún rọ̀ ju quartz lọ, nítorí náà ó máa ń tètè tín-ín-rín ju aládùúgbò rẹ̀. Tí òféèfèé rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, òun ló fà á.

Celestine ló kù, súlífétì síróńtíọ́mù. Ó jọ báráìtì ní gbogbo ọ̀nà: ojú tó ti ń là jọra, líle jọra, RI rẹ̀ sì jẹ́ 1.622 sí 1.631. SG rẹ̀ tó jẹ́ 3.97 ló ń tú u fó. Iná náà ń tú u fó: báráìtì máa ń sọ iná di àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n bí òféèfèé, celestine á sọ ọ́ di pupa fòò. Kì í tètè yọ, nítorí báráìtì kì í tètè yọ́. Ẹ fi lẹ́bú rẹ̀ sórí wáyà tó mọ́, ẹ mú un sínú iná gáàsì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ rì í bọ HCl, ẹ dá a padà sínú iná. Ẹ ṣe é níta gbangba, nítorí afẹ́fẹ́ olóòórùn ẹyin jíjẹrà lè jáde, ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, torí ohun tí iná sọ ọ́ dà ń yọ́ nínú omi, kò dà bí báráìtì. Iná kẹrosíìnì tó pọ́n kò lè fi àwọ̀ yìí hàn.

Olóko-Òkúta:
Ẹ kú làálàá. Èsì ti jáde. Òkúta funfun: 386.4 g ní gbígbẹ, 87.9 g nínú omi. Èyí tó pọ́n: 351.0 g àti 89.5 g. Kò sí èyí tó hó nínú ásíìdì tútù.

Atẹ̀wọ̀n:
Ìkíní jẹ́ 4.40, lẹ́yìn àtúnṣe omi 30°C ó jẹ́ 4.38. Ó yege. Ìkejì jẹ́ 3.92, lẹ́yìn àtúnṣe 3.90.

Baba Kùsà:
3.90 tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ má tíì pè é ní báráìtì. Siderite, kábọ́nétì irin, SG rẹ̀ jẹ́ 3.96, àwọ̀ rẹ̀ sì nìyẹn. Ásíìdì tútù kì í tètè mú un hó. Ẹ lọ díẹ̀, ẹ fi sínú HCl tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Siderite á hó. Ẹ tún mú èkúfọ́ kan sórí iná títí á fi dúdú, kí ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Siderite tó ti jóná máa ń tẹ̀lé mágnẹ́ẹ̀tì.

Olóko-Òkúta:
Kò hó nínú ásíìdì tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, mágnẹ́ẹ̀tì kò sì mú un. A fi òróró kànáfùrù wò ó: hóró púpọ̀ ní etí dúdú, ìlà sì ń wọ inú wọn. Àwọn kan láàárín wọn fẹ́ẹ̀ẹ́ pòórá.

Awòkúta:
Báráìtì àti quartz nìyẹn, irin tó dógùn-ún ló kun ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn méjì yìí nìkan ló wà níbẹ̀, 3.90 túmọ̀ sí pé báráìtì tó nǹkan bí 78% ní ìwọ̀n kílò.

Ìyá Làábù:
Ó ṣeé fọ̀. Ẹ fọ́ ọ dé ibi tí quartz á ti jáwọ́ lára báráìtì, 5 mm sísàlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ wá sẹ́ ẹ kó tó dé inú ẹ̀rọ tó ń fi omi mì í. Sísẹ́ yẹn kì í ṣe àfikún lásán. Hóró quartz tó fi ìlọ́po méjì gbòòrò ju hóró báráìtì lọ máa ń rì nínú omi bákan náà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà tí hóró 5 mm àti 1 mm bá jọ wà nínú omi, quartz ńlá á bá báráìtì kékeré lọ sísàlẹ̀. Ẹ pín wọn: 5 sí 2.5 mm lọ́tọ̀, 2.5 sí 1.2 mm lọ́tọ̀. Ẹ bo imú yín nígbà tí ẹ bá ń fọ́ ọ ní gbígbẹ, eruku quartz ni ọ̀tá ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ẹ sì wọ̀n SG ohun tí ẹ fẹ́ dà nù, ẹ má wọ̀n ti báráìtì nìkan. Tí ti ìdàdànù bá ṣì jẹ́ 2.9, báráìtì tó nǹkan bí 21% ló ń bá a lọ, ẹ tún un gbé gba inú omi.